Abọ́ Ni Kí Wọ́n Kà

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pọ̀, bọ́tìnì aṣọ ilé-ìwé ọmọ wa kejì já, ìyàwó mi sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Òwú funfun ti tán nílé. Ó ní òun yóò fi aláwọ̀ aró rán an. Mo ní gbogbo ayé ni yóò rí i. Ó ní, “Ta ni gbogbo ayé tí ń wo bọ́tìnì ọmọ ọlọ́mọ?” Ó rán an, ó fi eyín já òwú náà, ó gbọn aṣọ, ó sì fi kọ́ ara ìlẹ̀kùn. Nígbà tí ó dìde láti lọ pọn omi ni ó sọ pé orí ń fọ́ òun. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà pè é. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. N kò lè kọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nígbà náà, nítorí pé ohun tí ó wà lọ́kàn mi ní oṣù àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀fọ̀ nìkan. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, kí n tó gbàgbé bí ó ṣe rí.

Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá ọmọbìnrin wa kejì yìí jà. Ìjọba ní ètò ìlera kan tí àwọn tí kò rí já jẹ lè wà nínú rẹ̀ láìsan nǹkan kan, bí wọ́n bá ti yẹ ilé wọn wò tí wọ́n sì rí i pé ó tọ́ sí wọn. Àwọn tí ó wà nínú ètò náà ni wọ́n sì máa ń pè bí ìrẹsì tàbí gàárì bá dé láti pín. Ìyàwó mi ló lọ forúkọ wa sílẹ̀. Ìyá ilé ni wọ́n ń fi ṣáájú, nítorí náà àwòrán rẹ̀ ni wọ́n yà, ìka rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀, èmi àti àwọn ọmọ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Oṣooṣù ló ń mú ọmọ náà lọ sí ilé ìlera tí kò jìnnà sí wa ní Ijoko, tí ó ń gba oògùn rẹ̀ bọ̀. Èmi wà níbi iṣẹ́ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, èmi ni mo ń yẹ ọ̀dà wò kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú garawa. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, mo di tíṣà kẹ́mísírì ní ilé-ìwé àdáni kan, níbi tí owó oṣù ti ń dé nígbà tí ó bá wù ú.

Ìyá ìyàwó mi ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wá nígbà tí ó gbọ́ ìròyìn náà. Kò dé ibi sàréè. Wọ́n mú un jókòó sí yàrá inú bí a ṣe máa ń ṣe fún òbí, àwọn obìnrin àdúgbò sì yí i ká títí a fi sìnkú dé. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, kò di ẹrù rẹ̀. “Ta ni yóò máa wo àwọn ọmọ?” ni ó bi mí, kò sì dúró gba ìdáhùn.

Kò tíì pẹ́ sí ìgbà náà ni alága àdúgbò kéde ní ìpàdé pé àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlera náà ń bọ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n fẹ́ mọ ilé tí ètò náà ṣì tọ́ sí, ilé tí kò tọ́ sí mọ́, àti ẹni tí ó ti kúrò. Ilé tí wọn kò bá rí yẹ̀ wò dáadáa, orúkọ rẹ̀ yóò já. Mo padà sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí láyà. Mo sọ fún Màmá pé bí wọ́n bá dé, kí ó ní kí wọ́n dúró dè mí. Ó ní òun gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ti ilé-ìwé dé, mo sì rí i pé ògiri tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn wa tutù. Ibi kan ṣoṣo ló tutù, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì.

“Màmá, ta ló da omi sára ògiri?”

“Èmi ni. Mo nù ún.”

“Kí ló dé?”

“Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan síbẹ̀.”

“Àwọn wo?”

“Àwọn ọmọ kan. Ọmọ dáadáa ni wọ́n o, wọ́n kúnlẹ̀ kí mi. Wọ́n ní ẹ mélòó lẹ wà nílé yìí, mo ní a wà. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ẹ wà, mélòó lẹ wà? Mo ní Ọlọ́run ló mọ iye wa. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Màmá, Ọlọ́run ò ní bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́.’”

“Kí lẹ wá sọ?”

“Mo ní èmi tí wọ́n ń wò yìí náà ni.”

“Ẹ sọ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbébẹ̀?”

“Ta ni wọ́n tún bá nílé, àna mi? Àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé, ẹ̀yin náà lọ síbi iṣẹ́.” Ó gbé ojú kúrò lára mi. “Wọ́n tún pe orúkọ ọmọ mi. N kò dá wọn lóhùn. Ìgbà náà ni wọ́n kọ nọ́ńbà sára ògiri, wọ́n lọ. Ilé tí a ti ń sunkún, wọn ò ní kọ nọ́ńbà sí i lára kí n máa wò ó.”

N kò bínú sí i. Inú ilé àgbà ni èmi náà dàgbà sí, mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í jókòó ka ọmọ fún àlejò, pàápàá nígbà tí ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n mo wọ yàrá, mo ṣí àpótí tí oògùn ọmọ náà wà, mo sì rí bí ó ṣe kù. Òjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Òtútù ni ó máa ń dá egungun rẹ̀ lóró jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó tó dìde lórí ẹní, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń wo ẹyinjú rẹ̀ bóyá ó ti pọ́n. Láti ọjọ́ náà, n kò lè rí i kí n má kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀.

Mo tọrọ ààyè ní ilé-ìwé, mo sì wọkọ̀ lọ sí káńsù ní Ọ̀tà. Èrò ti pọ̀ lábẹ́ ìbòòji tí wọ́n fi páànù ṣe níwájú ọ́fíìsì náà. Obìnrin kan tí ó pọn ọmọ wà lẹ́yìn mi lórí ìlà. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ lọ̀ tó báyìí, ẹ fẹ́ wọlé lọ sọ pé ebi ń pa yín?”

Àwọn tí ó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Bàbá kan ní, “Fi wọ́n sílẹ̀ jàre, bóyá àwọn ni wọ́n wá yẹ̀ wá wò.”

“Rárá o,” ni obìnrin náà wí. “Wo bàtà wọn. Ọ̀kan náà ni wá.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yí ojú sí ibòmíràn, mo rọra fa etí ṣẹ́ẹ̀tì náà jáde nínú ṣòkòtò.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló jókòó sídìí tábìlì nígbà tí ó kàn mí. Ó gba káàdì ètò ìlera náà lọ́wọ́ mi.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ta ló ni káàdì yìí?”

“Ìyàwó mi ni.”

“Àwọn fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ wá, sà. Ìka wọn la máa tẹ̀.”

“Ó ti kú.”

Ó gbé káàdì náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. “Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ọlọ́run á tù yín nínú.” Mo fún un ní ìwé tí wọ́n kọ fún mi ní ilé ìwòsàn. Ó kà á, ó sì wo fóònù ńlá tí ó wà níwájú rẹ̀. “Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa ti dé ilé yín. Wọ́n ní ìyá àgbà kan ṣoṣo làwọn bá níbẹ̀, ìyá náà ò sì sí lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní kò sí ọmọ níbẹ̀.”

“Ọmọ wà níbẹ̀.”

“Mo gbọ́, sà.”

“Ara ọ̀kan nínú wọn kò yá. Nítorí rẹ̀ gan-an la ṣe wọ ètò yìí.”

“Mo gbọ́, sà. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?”

“Tíṣà ni mí.”

“Ti ìjọba?”

“Àdáni.”

“Ibo lẹ kàwé dé?”

N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ etí ṣẹ́ẹ̀tì mi mọ́wọ́. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, ìbéèrè tí mo máa ń fi ìdùnnú dáhùn nìyẹn. “Yunifásítì,” ni mo wí, bí ẹni tí wọ́n mú.

Ó mí kanlẹ̀. “Sà, n ò fi bú yín o. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá mi á bèèrè pé kí lẹni tó jáde yunifásítì ń wá níbí.”

“Kí wọ́n wá wo ilé mi.”

“A máa wá. Lọ́jọ́bọ̀. Gbogbo ẹni tí ẹ bá sọ pé ó ń gbé ilé yẹn, kí n bá wọn níbẹ̀, kí iye wọn sì bá ohun tí ẹ máa sọ fún mi báyìí mu. Bí kò bá bá a mu lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ mi ò ní ká a mọ́.”

Mo sọ iye wa fún un, mo ka Màmá mọ́ ọn. Mo wá bi í nípa oògùn ọmọ náà kí ó tó di ọjọ́ náà. Kò wò mí nígbà tí ó dáhùn. Ó ní wọ́n ti dá orúkọ wa dúró ná.

Nígbà tí mo délé, Màmá ń bó ẹ̀gúsí lórí ẹní. Mo jókòó tì í, mo bá a bó díẹ̀ kí n tó lè la ẹnu.

“Màmá, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń padà bọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kà wá.”

“Kí wọ́n ka ẹ̀gúsí.”

“Wọn ò wá torí ẹ̀gúsí, Màmá.”

“Àna mi, ẹ jọ̀ọ́.” Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú igbá. “Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ọmọ mi dúró sí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ fún wọn, ó tún ń fi rẹ́rìn-ín. Níbo ló wà báyìí?”

Mo mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe sí ọpọlọ ènìyàn. Mo lè yà á sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ èyí fún ìyá tí kò rí ibi tí a tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí? Èyí tí ó sì burú jù ni pé nígbà tí ó sọ ọ́, ẹ̀rù ba èmi náà. Mo wo ẹnu ọ̀nà náà. Fún ìṣẹ́jú kan n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka àwọn ọmọ mi láéláé.

A bó ẹ̀gúsí náà tán.

Ní Ọjọ́rú, ọmọ náà tiro dé láti ilé-ìwé. Mo dìde kí ó tó wọlé.

“Dádì, kò dùn mí púpọ̀,” ni ó wí, kí n tó bèèrè. Ó ti mọ ojú mi.

Màmá gbé e jókòó, ó ki aṣọ bọ inú omi gbígbóná, ó ń fi tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún sílẹ̀. Ó ṣe é fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ náà di ètè rẹ̀ mọ́ eyín, kò ké. Èmi ń rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, mo ń padà. Màmá kò gbé orí sókè nígbà tí ó sọ̀rọ̀.

“Bí wọ́n bá kà wọ́n, wọ́n á fún un lóògùn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Bí wọn ò bá kà wọ́n ńkọ́?”

“Ẹ óò máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.”

Ó fún aṣọ náà, ó tún ki í bọ omi. “Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ìjọba bá ń ka èèyàn, ìyá bàbá mi kì í jẹ́ kí wọ́n kà wá. Abọ́ tí a fi ń jẹun ló máa ń kó síta. Oníkálukú ní tirẹ̀.” Ó fi aṣọ gbígbóná náà lé ẹsẹ̀ ọmọ náà. “Abọ́ ni kí wọ́n kà.”

Ní Ọjọ́bọ̀ kò sí ẹni tí ó lọ sílé-ìwé nínú wa. Oòrùn kan àtàrí, wọn kò dé. Ojú ọ̀run ṣú, wọn kò dé. Mo ti ń rò ó pé bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà àdúgbò wa yóò di ẹrẹ̀, ọlọ́kadà kankan kò sì ní gbà láti gbé wọn wọlé. Mo jáde dé oríta, mo padà, mo tún jáde. Ẹ̀kẹta tí mo padà ni mo gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́yìn mi. Ọ̀dọ́bìnrin ọjọ́sí ni, òun àti ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Màmá ti tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà. Ó to abọ́ sórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkó wọn léra.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Màmá, oúnjẹ lẹ fẹ́ bù fún wa?”

“Ẹ ò tíì ṣiṣẹ́, ẹ ti ń bèèrè oúnjẹ.”

“Ebi ń pa wá ni, Màmá.”

“Ẹ̀yin náà ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ nígbà náà.”

Ọ̀dọ́bìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun tí ó bá wá, pé ẹ mélòó lẹ ń gbé ilé yìí. Màmá na ọwọ́ sí orí ẹní. “Abọ́ ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ kà á.”

Ó wò mí. Mo ní, “Ẹ bá wa ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.”

“Kò burú,” ni ó wí. “Ìyá tèmi náà ò jẹ́ kí wọ́n kà wá rí.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan abọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ni ín sì ń wá dúró sẹ́yìn rẹ̀. Àkọ́bí mi wá. Ọmọ kejì tiro wá. Àbíkẹ́yìn sáré wá, ó sì fẹ́ gbé tirẹ̀ lọ. Màmá dúró sẹ́yìn tirẹ̀, èmi náà dúró. Abọ́ kan ṣẹ́ kù ní ìparí ẹní, abọ́ irin funfun kan tí etí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. N kò mọ̀ pé Màmá kó o mọ́ wọn.

“Ta ló ni èyí?”

Màmá yí ojú sí ògiri. Àwọn ọmọ wò mí.

“Sà, abọ́ yìí fi ọ̀kan lé sí iye tí ẹ sọ fún mi.” Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lórí fóònù náà, kò tíì tẹ nǹkan kan. “Ṣé ẹnì kan ṣì wà tí kò jáde ni?”

Láti ọjọ́ ìsìnkú, n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ikú náà lójú àwọn ọmọ náà. Ní káńsù mo sọ ọ́ fún àlejò, ó rọrùn. Bí mo bá dákẹ́, iye wa kò ní bá a mu, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀.

“Ìyá wọn ló ni ín,” ni mo wí. “Ó ti kú. Kò sí nínú iye wa.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé abọ́ náà, mo gbé e wọlé. Nígbà tí mo jáde, Màmá ti di àbíkẹ́yìn mú mọ́ra.

“Ẹ kà á báyìí,” ni mo wí.

Ọ̀dọ́bìnrin náà kà á, ó bá a mu. Ó wọ inú yàrá wa, ó wo ibi tí a ń sùn, ó wo ìkòkò tí ó wà lórí sítóòfù, ó jáde. Ó na fóònù náà sí mi pé kí n tẹ ìka mi, nítorí pé èmi ni wọn yóò fi ṣáájú báyìí. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Mo nu ọwọ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Kẹ́míkà tí a fi ń fọ ọ̀dà kúrò lọ́wọ́ ní ilé-iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ́hùn-ún ti jẹ ìlà ìka mi tán. Ọkùnrin náà ní kí n gbìyànjú òsì. Àtàǹpàkò òsì ni ó gbà.

“Ó ti wọlé,” ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí. “Ó ku kí àwọn ọ̀gá fọwọ́ sí i.”

“Ìgbà wo nìyẹn?”

“N ò lè sọ, sà. Ẹ máa lọ wò ó nílé ìlera.”

Oògùn tí ó wà nílé tán kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo gbé ọmọ náà pọ̀n, mo sì gba ilé ìlera lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń kan ìbàdí mi, ó sì gbóná sí mi lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì tí ó wà lójú fèrèsé oògùn mọ̀ ọ́n, ó pè é ní ọ̀rẹ́ mi.

“Ìyá rẹ ńkọ́?” ni ó bi í.

Mo dáhùn kí ọmọ náà tó la ẹnu. Nọ́ọ̀sì náà kí mi, ó sì yí padà sí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó tẹ orúkọ mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò wá. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo di etí fèrèsé náà mú, mo ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn tí ó wà lókè orí rẹ̀, ọ̀kan kò sì yé mi nínú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ wà níbí,” ni ó wí. “Àtàwọn ọmọ yín. Gbogbo yín lẹ wà níbí.”

Ó bi mí ní ìgbà tí ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọ náà, mo sọ fún un. Ó bi mí bí ó ṣe ń jẹun, mo sọ fún un. Ó sọ èyí tí ó gbọ́dọ̀ lò lẹ́yìn oúnjẹ àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ fò láéláé, mo ní kí ó tún un sọ, ó tún un sọ. Mo gba oògùn náà, mo sì gbé ọmọ náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí ó wà níta. Mo fún un ní búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́. Mo tú oògùn, mo ṣí ìgò omi. Ó gbé e mì, ó sì ya ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ gbàràgàdà, ó gbé ahọ́n sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀.

N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ máa ń ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo inú ẹnu rẹ̀ dáadáa.

“Ó ti lọ,” ni mo wí fún un.